Ìwé Tó Ń Kí Ènìyàn

Kí n má purọ́, ìwé tí à ń kọ sí àwọn aláìsàn nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì yẹn, èmi fúnra mi ìbá sá fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dúdú, wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa lé e nísàlẹ̀, ó sì ń pàṣẹ láti òkè délẹ̀: kí ẹni tí a dárúkọ rẹ̀ yìí fara hàn ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ní aago mẹ́jọ àárọ̀, láìkùnà. Kò béèrè bí ara ṣe rí, kò béèrè ará ilé. Bí ọlọ́pàá bá tilẹ̀ fẹ́ mú ènìyàn, ó kéré tán á kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.

Ilé-ìwòsàn kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń tọ́jú fáìlì àwọn tó ń wá fún ojú, èmi ni mo ń pe orúkọ wọn, èmi náà ni mo ń kọ ìwé sí àwọn tó yẹ kí wọ́n padà wá tí a kò rí wọn mọ́. Àwọn tí a kò rí mọ́ yìí pọ̀. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti Ìṣẹ́, láti Èmùré, láti àwọn abà tí mọ́tò kì í dé. Fóònù wọn kì í lọ, tàbí kó jẹ́ pé nọ́ńbà ọmọ wọn tó wà ní Èkó ni wọ́n fún wa. Nítorí náà, a máa ń kó ìwé fún dírẹ́bà ní gáréèjì, dírẹ́bà á gbé e fún ọlọ́kadà, ọlọ́kadà á já a sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, wọn á sì pe orúkọ ẹni tó ni ín lẹ́yìn ìsìn, lójú gbogbo ayé.

Ẹ wo ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ìwé wa ṣe. Ìyá kan gbé tirẹ̀ fún wòlíì, wòlíì gbé e sórí pẹpẹ, wọ́n gbààwẹ̀ lé e lórí. Nígbà tí ààwẹ̀ fi máa parí, ọjọ́ tí a dá fún un ti kọjá. Bàbá kan kó ẹrù rẹ̀, ó wọ inú oko lọ, nítorí ó rò pé ọ̀rọ̀ owó orí ni. Àwa náà á jókòó sí ọ́fíìsì, a ó máa sọ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò mọ ohun tó dára fún wọn. Èmi gan-an ni mo máa ń sọ ọ́ jù. N kì í ṣe oníwà pẹ̀lẹ́, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Alájà kan láti Èmùré ló la ojú mi. Obìnrin náà wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ìwé wa kalẹ̀ níwájú mi bí ẹni gbé ẹja tó ti jẹrà padà fún ẹni tó tà á.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ uwé yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

"Ṣé ùyá yín kò kọ́ yín ní kíkí ni? Uwé yín wọlé tọ̀ mí wá láàárín ènìyàn, kò kí mi, kò kí ọkọ mi, ó ní kí n wá. Ta ló bí i?"

Inú bí mi. Mo fún un lésì, mo ní ilé-ìwòsàn kọ́ ni ilé àna rẹ̀. Òun náà fún mi ní tèmi, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ojú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ti ń bẹ iṣu nílé, ọ̀rọ̀ náà tún ta sí mi létí: ta ló bí i? Ẹ̀rín pa mí, mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni obìnrin yẹn sọ. Bí ọmọ tí mo bí bá wọlé tọ àgbàlagbà lọ tí kò kúnlẹ̀, tí kò kí i, tó kàn ní "wá," èmi ni n ó kọ́kọ́ gbá a létí.

Dókítà ojú wa nígbà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, kò tíì pẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó máa ń wọ awò ojú kékeré kan tó ń yọ̀ wá sí orí imú rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ Alájà fún un. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ó fa àga, ó jókòó. Ó ní òun ti kà nípa irú rẹ̀ rí, pé ohun kékeré tí a yí padà nínú ìwé lè mú kí ènìyàn dìde ju ìhalẹ̀ lọ.

Ó ní, "Àǹtí, a ò ní fipá mú ẹnikẹ́ni. A kàn máa la ọ̀nà fún wọn ni, kí ó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti wá."

Mo ní bó bá jẹ́ ti ká la ọ̀nà ni, kí ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún mi.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní Yorùbá. Mo kọ́kọ́ kí wọn: ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, àwa ará ẹ̀ka ojú kí yín, a kí ará ilé, ojú yín ń jẹ wá lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni mo dárúkọ ọjọ́. N kì í dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ béèrè ọjà ìlú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn dírẹ́bà, torí kò sí ojú tó lè dun obìnrin Èmùré débi pé yóò fi ọjọ́ ọjà sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé. Mo ní bí wọ́n bá dé géètì, kí wọ́n béèrè ìyá tó ń pe orúkọ, pé èmi nìyẹn, mo ń retí wọn. Mo wá fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀: Ta ni yóò sìn yín wá? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbí, kí ẹ sì sọ fún un lónìí.

Ìlà yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í dá lọ síbi tó bá wúwo. A kì í dá lọ tọrọ ìyàwó, a kì í dá lọ kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, a kì í dá lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí o bá sì ti sọ fún ẹnì kan pé kó sìn ọ́, tó ti gbé aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ojú á tì ọ́ láti sọ pé o kò lọ mọ́. Ìtìjú yẹn ni mo gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́.

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọ́n ń wá ní méjì méjì, aláìsàn àti asìnnilọ, wọ́n ń béèrè ìyá tó ń pe orúkọ láti ẹnu géètì. Mo gbọ́ pé ní mọ́ṣáláṣí kan, wọn kì í pe orúkọ nìkan mọ́, wọ́n ń ka ìwé náà síta látòkè délẹ̀ nítorí ó dùn ún gbọ́. Alájà pàápàá padà wá. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ó ti ní ùyá wàyí." Dókítà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé ìwé ilé-ìwòsàn ni mò ń kọ àbí ìwé ìfẹ́. Inú mi dùn nígbà yẹn, n ò ní parọ́. Orí mi wú díẹ̀.

Bàbá mi ló wá fà á wálẹ̀.

Ìṣẹ́ ni àwọn òbí mi ń gbé, àwọn méjì péré nínú ilé tí wọ́n bí gbogbo wa sí. Bàbá mi gbin kòkó títí ọwọ́ rẹ̀ fi rí bí èèpo kòkó. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Gulokómà ni dókítà ní ó ń jẹ́. Kì í dunni, kì í pọ́n, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ inú, díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá sì ti jẹ kì í padà. Ó kù ú ku ojú òsì, àìsàn náà sì ti dé inú ìyẹn pẹ̀lú. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa kán sí i. Nígbà tó padà wá lẹ́ẹ̀kan, dókítà ní oògùn náà kò ká a, pé iṣẹ́ abẹ ló kù. Láti ọjọ́ yẹn bàbá mi kò tún ẹsẹ̀ gbé síbẹ̀.

Mo pè é lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún sí i létí. Gbogbo ohun tó ń sọ ni, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi." Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ bàbá mi, ẹ mọ̀ pé "mo ti gbọ́" túmọ̀ sí pé ó ti ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ìlú ń gbọ́ tèmi, bàbá mi kò gbọ́. Wòlíì kì í kúkú níyì nílùú ara rẹ̀.

Mo wá ní ó dáa, n ó kọ ìwé sí i bí mo ti ń kọ ọ́ sí gbogbo ènìyàn. Mo kí i dáadáa, mo kí oko, mo kí kòkó, mo dá ọjọ́, mo fi í rán dírẹ́bà. Nígbà tó di ọjọ́ mélòó kan, dírẹ́bà náà yọ sí mi ní ọ́fíìsì, ó gbé iṣu ńláńlá kalẹ̀.

Ó ní, "Bàbá ní kí n sọ fún ọ̀gá yín pé òun rí ìkíni wọn, ó dùn mọ́ òun nínú. Ó ní òun náà kí wọn, òun kí ará ilé wọn. Ó ní ojú wọn kò ní ríbi."

Ọjọ́ tí a dá pé, bàbá mi kò yọjú. Ìwé kí i, ó dá ìkíni padà, ó fi iṣu lé e, ọ̀rọ̀ parí lójú tirẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí fáìlì bàbá mi, ẹ̀rín náà sì kúrò.

Ó ní, "Àǹtí, ojú òsì yẹn ò ní dúró dè wá o."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí bí bàbá mi ti máa ń ka Bíbélì ní ìdájí, tí yóò máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, mo sì rí i lọ́kàn mi tó jókòó nínú òkùnkùn ọ̀sán gangan. Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ mọ́tò lọ sí Ìṣẹ́.

Bí mo ti dé, ó ń múra oko. N kò sọ ohun tí mo bá wá. Mo ní ẹ jẹ́ ká jọ lọ, ó pẹ́ tí mo ti dé oko. Inú rẹ̀ dùn. Ó mú àdá, ó bọ́ síwájú, mo tẹ̀ lé e. Ó ń rìn gẹ́gẹ́ bó ti máa ń rìn, n kò rí nǹkan kan lára rẹ̀, àfi nígbà tí a kúrò nínú ilé tán tí a dé ibi tí ọ̀nà oko ti yà. Mo rí àkísà funfun kan tí wọ́n so mọ́ ara igi. A tún rìn síwájú, mo rí òmíràn níbi tí ọ̀nà ti yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Òmíràn tún wà lẹ́bàá afárá tí wọ́n fi igi ọ̀pẹ ṣe. Gbogbo ọ̀nà oko bàbá mi ni wọ́n so àkísà sí.

Mo ní, "Bàbá, kí ni wọ́n so sára àwọn igi yìí?"

Kò yíjú padà. Ó ní, "Ùyá rẹ ló so wọ́n."

"Fún kí ni, sà?"

"Kí n lè máa mọ ibi tí ọ̀nà yà sí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. A dé abẹ́ kòkó, ó jókòó lórí igi tó wó, ó ní kí n jókòó. Níbẹ̀ ló ti la ọ̀rọ̀ náà fún mi láìjẹ́ pé mo bi í.

Ó ní, "Ṣé o mọ ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ó lọ bá wọn ṣe ojú, ọwọ́ ni wọ́n fi fà á wọ ulé padà. Ojú kan ṣoṣo ló kù mí kù. Bó bá ń lọ díẹ̀díẹ̀, mo lè máa fi wo ẹ̀yin ọmọ mi, mo lè máa fi wo ùyá yín, títí tó fi máa tán. Bí mo bá gbé e fún wọn tó lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ńkọ́?"

Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo fẹ́ràn bàbá mi ju bí mo ti lè kọ ọ́ lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yé mi. Ohun tó dùn mí ni pé mo mọ̀, láti inú fáìlì tí mò ń tọ́jú, pé ojú tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ kì í pẹ́ tó bó ti rò kó tó lọ tán.

Nínú mọ́tò nígbà tí mò ń padà sí Ìkẹ́rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Bàbá mi kò ní wá torí ara rẹ̀. Kí wá ni ohun tí bàbá mi kì í kọ̀? Mọ́tò náà kò tíì jìnnà tí mo fi rí i. Bàbá mi kì í kọ̀ láti sin ènìyàn. Òun ni asìnnilọ gbogbo ẹbí wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ bá mi dé ibì kan, yóò fi ọkọ́ sílẹ̀ láàárín ebè, yóò lọ wẹ̀, yóò wọ agbádá. Ìlà tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ta ni yóò sìn yín wá, bàbá mi kò lè dáhùn rẹ̀, torí òun ló máa ń sin ẹlòmíràn.

Mo bá pe ìyá mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé ojú ń yún òun, a sì máa ń fẹ́ kí àwọn àgbà wá wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní n ó kọ ìwé sí i.

Ó ní, "Èmi kẹ̀? Ṣé èmi ni mò ń ṣàìsàn ni?"

Mo ní, "Ẹ wá ná, Màámi."

Mo kọ ti ìyá mi. Mo kọ ti bàbá mi lọ́tọ̀: pé a ń retí ìyàwó wọn lọ́jọ́ báyìí, pé a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa sìn ín wá. Mo wá fi kún un pé dókítà yóò fẹ́ kí wọn, yóò sì wo ojú àwọn náà bí wọ́n bá gbà. Mo lè fi ìyẹn sílẹ̀ láìkọ. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ dẹ tàkúté fún bàbá mi bí ẹni dẹ ẹ́ fún òkété. Bó bá máa wá, kó mọ̀ pé wọ́n lè wo òun náà.

Wọ́n wá. Mo wà lójú fèrèsé nígbà tí wọ́n wọ géètì, bàbá mi nínú agbádá ọjọ́ Àjíǹde, ìyá mi fi apá kọ́ ọ lápá. Wọ́n dé ibi gọ́tà tó wà níwájú ẹ̀ka wa, àwọn méjèèjì dúró. Bàbá mi ń fi ọ̀pá wá etí gọ́tà. Ìyá mi ń fi ẹsẹ̀ wá a. Ó dà bí ẹni pé olúkúlùkù ń dúró de èkejì rẹ̀ kó kọ́kọ́ kọjá. Mo sáré jáde lọ mú wọn kọjá, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni.

Dókítà kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn." Bàbá mi súre fún un, ó súre fún àwọn òbí rẹ̀, ó ní inú ìwé wọn dára. Ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí asìnnilọ tó mọ àyè rẹ̀.

Ìyá mi la kọ́kọ́ wò. A ní bọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ya àmì kan náà sí, ọ̀kan kọjú sókè, òmíràn kọjú sísàlẹ̀, aláìsàn á kàn máa fi ọwọ́ júwe ibi tó kọjú sí. Ti òkè pátápátá tóbi bí àwo oúnjẹ. Dókítà ní kó júwe rẹ̀.

Ìyá mi ní, "Bọ́ọ̀dù wo?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi jẹ́ aláwàdà, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Dókítà mú un sún mọ́ ọn, ó tún mú un sún mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ó na ìka sókè níwájú rẹ̀, ó ní mélòó ni. Ìyá mi na ọwọ́ síwájú, ó ń wá ìka náà. Dókítà tan iná kékeré sí i lójú, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó sì ní awọ funfun ti bo ẹyin ojú méjèèjì, pé ó ti pẹ́.

Bàbá mi dìde lórí àga. Ó ní, "Kí lẹ sọ?"

Ìyá mi ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní, "Bàbá wọn, má bínú. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ojú tìrẹ ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn, n ò fẹ́ kí tèmi ó tún kún un."

Bàbá mi ní, "Àwọn aṣọ tí o so sójú ọ̀nà oko ńkọ́? Báwo lo ṣe wá so wọ́n?"

"Aṣọ dúdú ni mo kọ́kọ́ so, n ò rí i mọ́. Ni mo bá fa aṣọ funfun mi ya."

"Mo rò pé torí mi lo ṣe so wọ́n."

"Torí àwa méjèèjì ni."

Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn. Bàbá mi rò pé ìyàwó òun ń ríran, ó ń tẹ̀ lé e. Ìyá mi rò pé ojú òsì ọkọ òun ṣì ń ríran, ó ń tẹ̀ lé e. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọdá títì nílùú Ìṣẹ́ láàárín ọkadà. Mo di etí tábìlì mú. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó sì nù ún pẹ́.

Ìgbà tó yá, bàbá mi béèrè pé, "Nínú àwa méjèèjì, ta lẹ lè ṣe tiẹ̀ kó yá?"

Dókítà ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù. Ti ìyá mi ni iṣẹ́ tó dájú jù, bí wọ́n bá bó awọ náà kúrò, ó ṣeé ṣe kó ríran dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ó di dandan kó lo oògùn kó wálẹ̀ ná. Ti bàbá mi ni kò lè dúró. Ohun tó ti lọ nínú rẹ̀ ti lọ. Ohun tó kù ni iṣẹ́ abẹ náà fẹ́ dì mú.

Bàbá mi ní, "Bó bá wá lọ ńkọ́? Ta ni yóò máa wo ọ̀nà fún ùyá wọn?"

Dókítà ní, "Bàbá, n ò lè ṣèlérí fún yín. Ó lè má rí bá a ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n bá a bá fi í sílẹ̀, lílọ ló ń lọ, sà."

Bàbá mi yíjú sí ibi tí mo dúró sí. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò bi mí léèrè iṣẹ́ mi rí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ mi, ìwọ lò ń pe orúkọ wọn. Kí lo ti rí níbí?"

Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo sọ ti àwọn tí iṣẹ́ abẹ náà gbè, tí wọ́n ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wá. Mo sọ ti àwọn tí kò gbè, torí wọ́n wà. Mo sọ ti àwọn tó ní àwọn ń rò ó, tí mo wá ń pe orúkọ wọn tí ọmọ ọmọ wọn ń fi ọ̀pá fà wọ́n wọlé. N kò fi iyọ̀ sí i, n kò bu omi là á.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó na ọwọ́, ó wá ọwọ́ ìyá mi kàn lórí àga. Ó ní, "Ó dára. Ẹ tètè ṣe tèmi, kí n lè rí ọ̀nà sìn ín wá fún tiẹ̀."

Mo ti máa ń yangàn pé ìwé mi ló ń mú àwọn ènìyàn wá. Lọ́jọ́ yẹn mo mọ̀ pé ìwé mi kò lágbára ju kó gbé ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà. Ìfẹ́ ìyàwó ló mú bàbá mi wọlé.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, mo ṣi orúkọ pè títí àwọn aláìsàn fi ní kí n lọ jókòó. Lọ́jọ́ kejì, dókítà tú ohun tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀. Ó na ìka sókè níwájú rẹ̀. Mo dijú, n kò lè wò ó.

Bàbá mi ní, "Ìka mẹ́ta. Òrùka kò sí níbẹ̀. Ṣé o ò tíì lọ́kọ ni?"

Gbogbo yàrá pariwo. Èmi jáde síta, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé bí ọmọdé, mo sunkún ayọ̀. Ojú náà kò dára ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, wọn kò sì sọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń rí ọ̀nà, ó ń rí ènìyàn lókèèrè, kò rí ìwé kà mọ́. Ṣùgbọ́n ó dúró síbi tó dúró sí.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ìyá mi wálẹ̀, mo kọ ìwé sí i. Nísàlẹ̀, níbi tí ó yẹ kó kọ orúkọ ẹni tí yóò sìn ín, èmi fúnra mi ti kọ ọ́ kí n tó fi í ránṣẹ́. Bàbá mi sìn ín wá bó ti wí, ó rìn níwájú, lójú títì gan-an, ọwọ́ ìyá mi lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ń ṣe é, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, kò jẹun. Ó sun ilé mi mọ́jú. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tó ti wọ aṣọ, tó ní ká máa lọ.

Dókítà tú ojú ìyá mi. Ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Ó wo dókítà, ó ní, "Ọmọ kékeré báyìí ló ń pa wá láṣẹ?" Ó wo ògiri. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní mo ti sanra, pé kí n dín iyán kù. Lẹ́yìn náà ló wo bàbá mi.

Ó wò ó pẹ́. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán, ìrùngbọ̀n rẹ̀ hù níbì kan, kò sí níbòmíràn, bí ẹni tó ti ń fá a láìríran ṣe máa ń fá a. Ẹ̀wù rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí bọ́tìnnì òkè ló kì bọ ihò kejì, gbogbo ìyókù sì tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ délẹ̀.

Ó ní, "Bàbá wọn, ta ló dé bọ́tìnnì yìí fún ọ?"

Ó ní, "Èmi ni. Ta ni ìbá tún dé e?"

"Ṣé bá a ti ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ nìyí látọjọ́ yìí?"

Ìyá mi fi etí aṣọ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó fa bàbá mi sún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n jọ jókòó sí, lójú gbogbo wa. Ó tú bọ́tìnnì náà láti òkè délẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi gbé àgbọ̀n sókè fún un, ó sì dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi dé e tán.